Òpó ìgbòkun ń bẹ, èrò ò sí: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Púpọ̀ nínú ìbéèrè tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọkọ̀ onígbòkun kékeré tí mọ́tò ń fà lórí tirélà. Ẹ ní láti gbé òpó rẹ̀ nàró kó tó wọ omi, ẹ sì ní láti sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà sílé. Irú òpó tó ní hínjì nídìí, tó ń sùn sẹ́yìn sí apá ìdí ọkọ̀, la ní lọ́kàn. Bó bá nàró tán, wáyà ló ń dì í mú níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òpó ọkọ̀ mi gùn tó mítà 8, kò sì ju kílò 15 lọ. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la wà níbẹ̀. Mo so okùn mọ́ ibi tí wáyà iwájú ti bẹ̀rẹ̀ lókè, mo wá ń fi wíǹṣì kékeré, ẹ̀rọ tí ń ká okùn, fà á láti iwájú ọkọ̀. Okùn le gbagidi, òpó ò gbéra, ìdí rẹ̀ wá ń dún. Ṣé kí n ra wíǹṣì tó lágbára ju èyí lọ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á o. Wíǹṣì tó lágbára ju èyí lọ á kàn tètè fọ́ hínjì yín ni. Agbára kọ́ ni wàhálà ibẹ̀, ibi tí okùn ti ń fà ni.

Nígbà tí òpó bá sùn, okùn tí ẹ fà láti òkè rẹ̀ wá sí iwájú ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé òpó fúnra rẹ̀. Dípò kó gbé e sókè, ṣe ló ń ti ìdí òpó mọ́ hínjì. Ohun tí ẹ gbọ́ tó ń dún nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi òpó tiyín ṣírò. Kílò 15 ni, ààrin rẹ̀ sì jìn sí hínjì ní mítà 4. Ká ní ẹ gbé orí rẹ̀ ka igi pàlàká ní ìdí ọkọ̀ títí ó fi dagun díẹ̀, bíi dígírì 10. Ká ní mítà 7 sókè òpó ni ẹ so okùn mọ́, tí ibi tí ẹ ti ń fà á sì wà ní mítà 2.5 síwájú hínjì. Okùn yẹn ò ní jìn sí hínjì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 32 lọ. Kí òpó kílò 15 tó gbéra, ẹ ó fa okùn náà pẹ̀lú agbára tó súnmọ́ kílò 190. Ìwọ̀n èèyàn méjì tó sanra nìyẹn.

Ọ̀pá ìrànwọ́ ló yẹ kí ẹ wá, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní gin pole. Ẹ wá ọ̀pá gígùn mítà 2, ẹ gbé ìdí rẹ̀ ti iwájú òpó lẹ́bàá hínjì, kí ó dúró ṣánṣán nígbà tí òpó bá sùn, kí àwọn méjèèjì jọ ṣe igun. Okùn kan á ti orí ọ̀pá yìí lọ sí òkè òpó. Èyí tó ní púlì á ti orí ọ̀pá kan náà lọ sí iwájú ọkọ̀. Okùn tí ẹ ń fà wá jìn sí hínjì tó mítà 1.7. Kílò 190 di bíi kílò 35. Tí ẹ bá lo púlì onílọ́po mẹ́rin, irú èyí tí okùn ìgbòkun ńlá yín ń gbà kọjá, bíi kílò 9 ni yóò kù sí yín lọ́wọ́. Ẹ fi díẹ̀ kún un nítorí púlì máa ń ha okùn, kó jẹ́ 11 tàbí 12. Ọwọ́ kan á fà á.

Bí òpó bá ṣe ń gòkè ni ẹrù ń fúyẹ́. Nígbà tó bá dé dígírì 60, kílò 35 yẹn ti di bíi 15, kí púlì tó pín in rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ìṣirò yòókù lọ: tí okùn bá ń wúwo sí i bí òpó ṣe ń gòkè, nǹkan kan ti há níbì kan. Ẹ dúró, ẹ so okùn, ẹ lọ wò ó. Ẹni tó bá kàn tẹra mọ́ fífà níbẹ̀ ló ń já wáyà.

Ní ti ọ̀pá náà, páìpù alumíníọ̀mù tó fẹ̀ tó mílímítà 50, tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 3, ti tó. Pákó tó tọ́, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, á ṣiṣẹ́ bákan náà. Ẹ gé ìdí rẹ̀ kó ní ẹnu tó lè gbá òpó mú, kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ ẹnu náà. Okùn tí ń fa ìgbòkun iwájú gòkè ni kí ẹ so mọ́ orí ọ̀pá, kí ẹ sì so ìdí okùn náà mọ́ ìwo ìsokùn, irin tí a ń yí okùn mọ́, tó wà lára òpó dáadáa.

Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ọ̀pá kò gbọdọ̀ gùn tó àlàfo àárín hínjì àti iwájú ọkọ̀. Nígbà tí òpó bá nàró tán, ọ̀pá á ti sùn síwájú, tí kò bá sì ṣẹ́ ku sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50, púlì òkè àti ti ìsàlẹ̀ á pàdé, wọn ò ní lè fà mọ́, òpó á sì wà níbẹ̀ láì tíì nàró. Èkejì ni okùn. Láti orí ọ̀pá dé iwájú ọkọ̀ jẹ́ bíi mítà 3. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 12, ẹ fi mítà 3 kún un fún ọwọ́ tí ń fà. Okùn tí kò tó mítà 15 á tán lọ́wọ́ yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀pá ìrànwọ́ wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí òpó bá ti dé ìdajì ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí ọ̀tún, á fì sí òsì. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń dúró tì í, ó ti wá ní òun ò ṣe mọ́. Kí ló dé tí wáyà ẹ̀gbẹ́ kì í dì í mú?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n yín. Kò sí ẹni tó yẹ kó máa fi èjìká di òpó tó ń fì mú.

Àwọn etí irin tí wáyà ẹ̀gbẹ́ ń so mọ́ sábà máa ń wà lẹ́yìn hínjì díẹ̀, wọ́n sì rẹlẹ̀ jù ú lọ. Nítorí náà, bí òpó bá sùn, wáyà ẹ̀gbẹ́ dẹ̀. Ìgbà tí òpó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró tán ló ń le. Gbogbo àárín ọ̀nà, kò sí ohun tó di òpó mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfi bóòtù hínjì, bóòtù yẹn kò sì lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé. Tí òpó bá fì tó, á ya hínjì, á fà á tu kúrò lórí òrùlé yàrá ọkọ̀.

Ohun tí ẹ nílò ni okùn ẹ̀gbẹ́ méjì fún ìgbà díẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹ so wọ́n mọ́ òpó ní bíi mítà 2.5 sókè. Ibi tí ìsàlẹ̀ wọn wà ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá bóòtù hínjì dọ́gba pátápátá, ní gíga àti ní síwá-sẹ́yìn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gígùn okùn kò ní yí padà láti ìgbà tí òpó sùn títí tó fi nàró, á máa dì í mú ní gbogbo ọ̀nà.

Etí ọkọ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀ ju hínjì lọ, nítorí náà òrùka irin la ń lò. Ẹ mú òrùka kan, ẹ so okùn kúkúrú méjì mọ́ ọn, kí ọ̀kan lọ síwájú, kí èkejì lọ sẹ́yìn, sí ibi méjì tó lágbára létí ọkọ̀. Tí okùn òpó bá fa òrùka náà sókè, okùn méjèèjì á nà bíi òrùlé ilé, òrùka á sì dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́. Ẹ ta òwú láti òrùka ọ̀tún dé ti òsì. Òwú yẹn gbọ́dọ̀ fara kan orí bóòtù hínjì. Tí kò bá kàn án, ẹ mú okùn kúkúrú kan gùn sí i tàbí kí ẹ gé e kúrú títí òwú yóò fi kàn án.

Ẹni tó bá ti gbé òpó rẹ̀ lè mọ àṣìṣe rẹ̀ láti ara okùn. Bí okùn bá dẹ̀ nígbà tí òpó sùn, tó wá ń le bó ṣe ń gòkè, òrùka wà sẹ́yìn jù tàbí ó rẹlẹ̀ jù. Bó bá le nígbà tí òpó sùn, tó wá dẹ̀ lókè, ó wà síwájú jù tàbí ó ga jù. Èyí tó ń le lọ́nà òkè ló burú jù, torí ó lè já etí irin. Ẹ má lo okùn tó ń nà bíi rọ́bà. Okùn polyester tó nípọn tó mílímítà 6 dára.

Òrùka méjì yìí kan náà ni kí ẹ so okùn orí ọ̀pá ìrànwọ́ mọ́, lọ́tùn-ún lósì, kí ọ̀pá má bàa ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú kan náà lòun náà ń yí sí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi búùmù, igi tó na ìsàlẹ̀ ìgbòkun ńlá, ṣe ọ̀pá ìrànwọ́, kí n má bàa máa gbé igi mìíràn kiri?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é bí ibi tó ti so mọ́ òpó bá lè yí padà kọjú síwájú, tí kò sì gùn ju iwájú ọkọ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù gùn jù. Ọ̀pá tó ń na ìgbòkun iwájú tó ń wú bíi bàlúù, tí wọ́n ń pè ní spinnaker pole, sàn jù ú lọ bí ẹ bá ní, torí òrùka tó ń wọ̀ ti wà níwájú òpó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò bóyá òrùka náà ò ga jù sí hínjì.

ÌBÉÈRÈ: Kí ni kí ń so, kí ni kí n fi sílẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà? Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti gbé òpó dé àárín kí n tó rí i pé wáyà há sábẹ́ nǹkan.

ÌDÁHÙN: Tirélà gbọ́dọ̀ so mọ́ mọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó gun ọkọ̀, kí òkúta wà níwájú àti lẹ́yìn táyà. Tí tirélà bá dá dúró, tí ẹ wá rìn lọ sí ìdí ọkọ̀, imú rẹ̀ lè gbéra sókè. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 5 ti bá òpó yan ibi tí yóò ṣubú sí.

Ẹ fa òpó sẹ́yìn lórí igi pàlàká títí ìdí rẹ̀ yóò fi bọ́ sí hínjì, ẹ ki bóòtù bọ̀ ọ́, ẹ dè é. Bí igi pàlàká bá ga tó mítà 1 sí 1.5, ó dára, torí gbogbo dígírì tó bá ti ní kí ẹ tó fà jẹ́ èrè. Tó bá ní róólà lórí, ẹnì kan lè yí òpó síwá-sẹ́yìn láìbẹ̀bẹ̀. Àtùpà orí òpó àti ohun tí ń tọ́ka afẹ́fẹ́, ìsinsìnyí ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí ẹ sì tan àtùpà náà wò. Wáyà iná tó ń bọ̀ nínú òpó, ẹ rí i pé kò sí lábẹ́ ìdí rẹ̀. Òpó tó bá nàró lé e á gé e bí ọ̀bẹ.

Ẹ so wáyà ẹ̀gbẹ́ tó lọ sókè pátápátá, àti wáyà ẹ̀yìn. Bí wáyà ìsàlẹ̀ bá jẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lẹ́yìn ni kí ẹ so. Ti iwájú ò lè dé ibi tí yóò so mọ́ nígbà tí òpó sùn, ẹ fi sílẹ̀ títí òpó yóò fi nàró. Ẹ tú gbogbo turnbuckle, irin tí a ń yí kí wáyà lè le, ní ìyípo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Gbígbàgbé èyí ló ń jẹ́ kí ìka méjì tó kẹ́yìn má ṣe é parí: òpó á dúró, ihò wáyà iwájú á sì jìnnà sí ihò irin tó yẹ kó wọ̀.

Ní ti turnbuckle, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Bóòtù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ máa ń dùbúlẹ̀ nígbà tí wáyà bá dẹ̀. Bí òpó ṣe ń gòkè, ó yẹ kó dìde pẹ̀lú wáyà. Tí orí rẹ̀ bá há sí ẹ̀gbẹ́ etí irin, wáyà á fà á ní ìdùbúlẹ̀, á tẹ̀ ẹ́. Ẹ lè má rí i lọ́jọ́ náà. Ojú omi ló máa ń ṣẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé. Bóòtù tó bá ti tẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ má fi òòlù nà án padà, eyín rẹ̀ ti sán. Ìkọ́ irin tó lè yí síhà méjì, tí a ń pè ní toggle, ló ń dènà èyí. Bí kò bá sí, ẹ gé páìpù rọ́bà líle, ẹ fi bọ turnbuckle kó má lè dùbúlẹ̀.

Wáyà tó há sábẹ́ nǹkan ńkọ́? Ẹ gbé òpó sókè bíi mítà kan, ẹ so okùn mọ́ ìwo, kí ẹ wá rìn yí ọkọ̀ ká. Ìwo ìsokùn, igun fèrèsé, ìbòrí táyà tirélà àti apá òpó fúnra rẹ̀ ni wáyà fẹ́ràn láti kọ́. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tó bá dé ìdajì. Ẹ̀rọ tí ń ká ìgbòkun iwájú ní páìpù tín-ínrín tó ń tẹ̀ kíákíá. Ẹ so ó mọ́ ara òpó níbi mẹ́ta, kó má bàa fi ìdí wọ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Afẹ́fẹ́ wo ló pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí?

ÌDÁHÙN: Tó bá ti lé ní 10 knot, bíi kìlómítà 18 ní wákàtí kan, tó sì ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ká máa bẹ̀rù ju afẹ́fẹ́ lọ. Alumíníọ̀mù ń gbé iná, carbon náà ń gbé e. Ẹ wo òkè kí ẹ tó tú okùn kankan, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà láti ibẹ̀ dé etí omi, torí lójú ọ̀nà yẹn ni òpó tó ti nàró ti ń bá wáyà iná pàdé. Tí wáyà iná bá wà níbi tí òpó lè ṣubú dé, ẹ wá ibòmíràn.

ÌBÉÈRÈ: Gbígbé e nàró ò ni mí lára mọ́. Sísọ ọ́ kalẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́dún tó kọjá okùn bọ́ lọ́wọ́ mi, ó bó mi lọ́wọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí ẹrù ṣe ń fúyẹ́ nígbà tí òpó ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ló ń wúwo nígbà tó ń bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ ó rò pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹ ó tú okùn dànù. Nígbà tí kílò 35 yẹn bá fi máa padà dé, ọwọ́ nìkan ni ẹ ní.

Ẹ to gbogbo nǹkan bíi ìgbà tí ẹ fẹ́ gbé e: ọ̀pá ìrànwọ́, okùn ẹ̀gbẹ́, igi pàlàká ní ìdí ọkọ̀. Ẹ fa púlì le títí wáyà iwájú yóò fi dẹ̀, kí ẹ tó yọ píìnì rẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ ṣáájú o. Ẹ yí okùn ká ìwo ìsokùn kan lódindi ìyípo kan, kí ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ẹnu eléyín tó wà lára púlì láti di okùn mú kò tó fọkàn tán, torí bí okùn bá yí igun fífà padà, ó ń jábọ́ kúrò nínú rẹ̀. Òpó kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fi ọwọ́ ti ìdí rẹ̀ sẹ́yìn tàbí kí ẹ fa wáyà ẹ̀yìn díẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, títí kan ẹni tó ń dúró de igi pàlàká.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni kí wáyà ṣe le tó lẹ́yìn tó bá nàró?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ so wáyà iwájú, ẹ wá yí turnbuckle wáyà ẹ̀gbẹ́ òkè lọ́tùn-ún lósì ní iye kan náà. Ẹ kà á. Lẹ́yìn náà ni ti ìsàlẹ̀. Ẹ gbé ojú sí ìdí òpó, ẹ wo ojú ọ̀nà ìgbòkun lọ sókè. Bó bá wọ́, ẹ tún un ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń tukọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó mọ níwọ̀n, wáyà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ yẹ kó dẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ máa mì jọwọlọ. Ẹ fi píìnì tì turnbuckle pa, ẹ fi téèpù yí òrùka píìnì ká, torí okùn ìgbòkun máa ń fà á yọ. Ẹ tún un wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti tukọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Afárá kan rẹlẹ̀ lójú omi tí a ń gbà. Ṣé a lè sọ òpó kalẹ̀ lórí omi?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é, nínú omi tó dákẹ́, pẹ̀lú okùn ẹ̀gbẹ́ àti ọ̀pá ìrànwọ́ bí a ṣe wí lókè. Ìgbì ọkọ̀ mìíràn tó bá kọjá ni ewu ibẹ̀: ọkọ̀ á fì, òpó tó wà láàárín ọ̀nà á fì ju ọkọ̀ lọ. Ẹ dúró kó kọjá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì ṣe é nígbà tí omi bá ń gbé yín lọ sábẹ́ afárá. Àwọn wherry, ọkọ̀ akẹ́rù onígbòkun ti Norfolk Broads ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe èyí lójoojúmọ́ láyé àtijọ́. Albion, tí wọ́n kàn ní 1898, ṣì wà lórí omi di òní. Òjé wúwo ni wọ́n dè mọ́ ìdí òpó, nísàlẹ̀ ibi tó ti ń yí, tí ẹrù òkè àti ti ìsàlẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Atukọ̀ méjì péré ló ń sọ òpó ràgàjì bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ń gba abẹ́ afárá kọjá, tí wọ́n sì tún ń ta ìgbòkun lódì kejì.